Agbanipa, mẹ́gádì àti obìnrin Gbagyi: ẹ bá mi yẹ ìwé eré mi wò

Òǹkọ̀tàn Lúgbè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìwé eré kan ni mo ń kọ lọ́wọ́. Ìtàn agbanipa kan ni, tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ pé kí ó pa akọ̀wé àgbà kan ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ó wọ yàrá ẹni náà tán ni ó tó mọ̀ pé olùkọ́ òun nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tí ó fẹ́ náwó sí fíìmù náà kà á, ó sì wù ú, àmọ́ ó ní kí n lọ fi “oríṣiríṣi ènìyàn” sí i, nítorí pé àwọn tí ń ra fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní máa ń béèrè fún un.

Mo padà sílé, mo sì ṣe é bí ó ti yé mi. Mo sọ agbanipa náà di Haúsá, mo pè é ní Danjuma, mo wọ̀ ọ́ ní rìgá, mo sì fi láwàní bò ó lójú. Mo fi mẹ́gádì kan sí ẹnu ọ̀nà tí yóò máa pa wá lẹ́rìn-ín. Mo fi obìnrin Gbagyi kan, ẹ̀yà tí ó ni ilẹ̀ Àbújá láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ru igi lórí sí ìran àkọ́kọ́, kí ènìyàn lè mọ̀ pé Àbújá ni a wà. Mo sọ agbanipa kejì di àfín tí ń yìnbọn láti orí òrùlé. Oníṣòwò Ìgbò ni ó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ọlọ́pàá tí ń wá wọn kiri jẹ́ Yorùbá. Nígbà tí mo tún un kà lálẹ́ àná, ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Bàbá Kábà ní Gwarinpa

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i pé nínú gbogbo ìlú Àbújá, ọlọ́pàá Yorùbá nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwa tí a ti pẹ́ níbí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí obìnrin Gbagyi yẹn, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni wọn yóò sì kọ́kọ́ fi mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ìtàn náà kò wo aládùúgbò rẹ̀ dáadáa. Gbagyi kì í ru ẹrù sórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ omi, nítorí pé lọ́dọ̀ wọn, orí kì í ṣe ohun tí à ń di ẹrù lé. Bí o bá dúró ní etí títì tí ó lọ sí Bwari láàárọ̀, wà á rí wọn: igi wà lórí èjìká kan, ọrùn tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọwọ́ kan sì gbá ẹrù náà mú láti iwájú. Yorùbá tí ó mọ ohun tí orí jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa kò yẹ kí ó nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Lẹ́yìn náà, kí ni obìnrin yìí wá ṣe nínú ìtàn, yàtọ̀ sí pé ó kọjá? Garki, Wuse àti Maitama tí àwọn agbanipa rẹ ń fi jíìpù là kọjá yẹn, orúkọ ibùgbé àwọn baba rẹ̀ ni, kí òfin ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976 tó sọ ilẹ̀ náà di ti olú-ìlú tuntun, àti kí ìjọba tó kó kúrò l'Ékòó wá síbí ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991. Bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ ni ilé akọ̀wé àgbà náà wà ńkọ́? Bí òun ni ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tí ènìyàn lè gbà wọ ọgbà náà láìgba ẹnu géètì ńkọ́? Yí ẹ̀yìn owó ogún náírà tí ó wà nínú àpò rẹ wò: Ladi Kwali tí ó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, Gbagyi ni. A ń ná an lójoojúmọ́, a kò sì bi í ní ohun kan.

Èyí tí ó kù ni ti Danjuma. Ọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Jímọ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ náà, Mùsùlùmí ń jẹ́ ẹ, Kìrìsítẹ́nì náà ń jẹ́ ẹ. Ọ̀gágun T. Y. Danjuma tí gbogbo wa mọ̀, ọmọ Takum ní Ìpínlẹ̀ Taraba ni, Kìrìsítẹ́nì sì ni. Nítorí náà, orúkọ tí o rò pé ó ti sọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́ tán kò tíì sọ nǹkan kan. Òkè Ọya kì í ṣe Haúsá nìkan. Èmi fúnra mi, ọmọ Ókun ni mí, Yorùbá ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi, síbẹ̀ nígbà tí mo ń gbé l'Ékòó, Gàmbàrí ni àwọn ará ọjà ń pè mí nítorí pé mo ní apá Kábà ni mo ti wá.

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Fíìmù agbanipa ni a ń sọ yìí, kì í ṣe ìpàdé ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè. Ẹnì kan ní láti yìnbọn, ẹnì kan sì ní láti kú. Bí a bá ní Haúsá kò gbọdọ̀ pànìyàn, Ìgbò kò gbọdọ̀ bẹ agbanipa, àfín kò gbọdọ̀ gbé ìbọn, ta ni ó kù? Ṣé ẹ̀yà tí kò sí láyé ni a ó dá sílẹ̀ ni?

Agbẹjọ́rò Garki

Ìbéèrè Ọmọ Ìlọrin tọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò sì le. Kò sí ẹni tí ó sọ pé Haúsá kò gbọdọ̀ jẹ́ agbanipa nínú fíìmù. Ohun tí ń dun ènìyàn ni pé kí agbanipa náà jẹ́ Haúsá kan ṣoṣo tí ó láyé nínú ìtàn. Bí dókítà tí ó yọ ọta lára ọlọ́pàá bá jẹ́ Haúsá, tí akọ̀wé àgbà tí wọ́n fẹ́ pa bá jẹ́ Haúsá, tí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó kọ̀ láti sá bá jẹ́ Haúsá, ìwà ọ̀daràn náà á kúrò lọ́rùn ẹ̀yà, á di ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀.

Àwa náà ti tọ́ ọ wò, a mọ bí ó ṣe korò tó. Ní ọdún 2023, nígbà tí Gangs of Lagos jáde lórí Prime Video, tí wọ́n fi aṣọ Ẹ̀yọ̀ wọ àwọn apànìyàn, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fíìmù nípa ìpànìyàn l'Ékòó. Aṣọ ni wọ́n ń jà fún, aṣọ funfun tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ẹni ńlá. Ẹni tí ó bá rántí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára rẹ̀, kí ó wá wo rìgá àti láwàní tí àbúrò wa fi wọ Danjuma, kí ó sì bi ara rẹ̀ bí yóò ṣe rí lára ẹni tí bàbá rẹ̀ ń wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ sí mọ́sálásí.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa ẹni tí ń náwó. Bí ó bá jẹ́ pé ìlànà àwọn òkè òkun ni ó ń bà á lẹ́rù, kí ó mọ̀ pé ojú fíìmù nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ní ọdún 2020 ni àwọn tí ń fúnni ní Oscar kéde ìlànà tiwọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ fún ẹ̀bùn fíìmù tí ó dára jù lọ ní ọdún 2024. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n là sílẹ̀, fíìmù sì gbọ́dọ̀ kúnjú òṣùwọ̀n ní méjì ó kéré tán. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rin náà ni ó dá lórí àwọn tí à ń rí àti ìtàn tí à ń sọ. Àwọn yòókù dá lórí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́, àti àwọn tí ń polówó tí wọ́n sì ń tà á. Nítorí náà, kí ó tó ní kí ẹ kó ẹ̀yà mẹ́fà sójú fíìmù, ẹ bi í pé ta ni olùdarí, ta ni ó ń gé àwòrán, ta sì ni ó ń gba owó oṣù.

Àdùkẹ́ Kánò

Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí, ní Kánò, Haúsá sì ni mo fi ṣeré lójú pópó kí n tó lè fi Yorùbá ṣépè. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ èdè Haúsá wò nínú fíìmù tí àwọn ará Gúúsù bá ń ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tí wọ́n bá ti ya fíìmù náà tán ni wọ́n máa ń pè mí, nígbà tí kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín, n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Agbanipa wọlé ní òru, ó na ìbọn sí ọ̀gá kan tí ó wà lórí ibùsùn, orin náà dún rìndìnrìndìn, ó sì fi ohùn jíjinlẹ̀ sọ pé, “Ranka ya daɗe.” Lẹ́yìn náà ni ó yìn ín. Òǹkọ̀tàn náà ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu àwọn Haúsá nígbà púpọ̀, ó sì rò pé ìkíni lásán ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀mí rẹ kí ó gùn. Ní Kánò, níbi tí a ti kọ́kọ́ wò ó, gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, olùdarí eré sì dìde, ó jáde, kò padà wọlé. Ká ní ó mọ ohun tí ó wà lẹ́nu òṣèré rẹ̀ ni, ìbá sọ ọ́ di gbólóhùn tí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú fíìmù náà.

Ohun tí mo máa gba ọ́ níyànjú, àbúrò mi, ni pé kí o jẹ́ kí kálukú sọ èdè rẹ̀, kí a sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Àwọn olówó máa ń bẹ̀rù pé ènìyàn kò ní kà á. Wọ́n ń kà á. Ìyá mi ń wo fíìmù Íńdíà láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Kí o sì pinnu irú Haúsá tí ó jẹ́, nítorí pé Haúsá Kánò yàtọ̀ sí ti Sókótó bí Ẹ̀gbá ti yàtọ̀ sí Èkìtì. Bí ó bá jẹ́ Fúlàní, a jẹ́ pé ó ní èdè mìíràn nílé. Bí ó bá wá jẹ́ Berom láti Jos, Haúsá tí ó ń sọ jẹ́ èdè ọjà fún un, kì í ṣe èdè tí yóò fi bá òkú ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé mo ti jókòó rí nínú yàrá tí wọ́n ti ń fi Bayarabe kan, bí Haúsá ṣe ń pe ọmọ Yorùbá, ṣe yẹ̀yẹ́ nínú eré Haúsá, tí ó ń ba èdè jẹ́, tí ó sì ń pariwo lórí owó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá rántí pé mo wà níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó tẹ̀lé e ni mo máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí mo bá rí mẹ́gádì aláwàdà nínú fíìmù tiwa.

Ẹni Òrìṣà ní Karu

Àfín ni mí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí agbanipa kejì yẹn.

Àwa tí a bí ní àfín, ojú wa kì í sábà ríran jìnnà. Ẹyinjú ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dúró sójú kan, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gún wa lójú. Ẹ wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí òrùlé ní Àbújá, ní ọ̀sán gangan oṣù Kẹta, láìsí fìlà, láìsí ìpara oòrùn, ẹ ní kí ó yìnbọn pa ẹni tí ó wà ní òdìkejì títì. Ìyẹn kì í ṣe agbanipa, ewu ni fún gbogbo àdúgbò. Mo ní láti mú ìwé súnmọ́ imú kí n tó lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ṣe rí: awọ ara wa ni ẹ fẹ́ lò láti dẹ́rù ba àwọn òǹwòran. Ó ti pẹ́ tí àwọn eléré ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, nílé àti lókè òkun. Bí ẹ bá fẹ́ àfín nínú ìtàn yín, mo lè fún yín ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ìwé ìṣirò owó ni mo ń yẹ̀ wò. Kí àfín náà jẹ́ obìnrin tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tí ó ti mú lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, tí ó sì rí ibi tí owó agbanipa ti jáde nígbà tí gbogbo àwọn tí ojú wọn dá ṣáká kò rí i.

Olùkọ́ Adití

Inú mi dùn sí ohun tí Ẹni Òrìṣà sọ. Bí ẹ bá wá ń ro ẹlẹ́rìí tí yóò rí agbanipa náà, ẹ lè fi adití síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra ní ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni pé èdè ọwọ́ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó dàgbà láàárín àwọn adití Kánò lè máa sọ èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní maganar hannu, tí ó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, tí ó ní gbòǹgbò nínú ti Amẹ́ríkà láti ìgbà Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà tí ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Èkejì ni kámẹ́rà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná, ayàwòrán á sún mọ́ ojú, ọwọ́ á sì bọ́ sí ìta àwòrán. Gígé ni ẹ gé ahọ́n ẹni náà yẹn. Adití ni kí ó sì ṣe é, kì í ṣe ẹni tí ń gbọ́ràn tí ó kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ayàwòrán Jabi

Mo gbọ́, mo sì gbà. Èmi náà ti gé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ti èmi kò pọ̀. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú Àbújá, nítorí náà bí agbanipa yín bá gun ọ̀kadà sá lọ ní Wuse, gbogbo ará Àbújá á mọ̀ pé Èkó ni ẹ rò. Ìkejì, ìran òru pọ̀ nínú irú fíìmù yìí. Bí ẹ bá kó àwọn tí awọ ara wọn dúdú gan-an àti àwọn tí ó pọ́n jọ sí ìran kan, tí ẹ sì tan iná fún ẹni pípọ́n nìkan, ojú ẹni dúdú á di òjìji. Owó iná ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ olówó yín.

Ìyá Ìbejì Kubwa

Èmi kì í ṣe eléré, òǹwòran ni mí. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ máa ń wo fíìmù apànìyàn ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì ti mọ̀ pé bí ìyàwó bá ti rẹ́rìn-ín músẹ́ ní ìran kejì, òkú rẹ̀ ni a ó rí ní ìran kẹrin, kí ọkọ rẹ̀ lè rí ìdí tí yóò fi máa bínú títí fíìmù á fi tán. Ayàwòrán-ẹ̀fẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Alison Bechdel, ya ìdánwò kan ní ọdún 1985 tí mo fẹ́ràn: ṣé obìnrin méjì wà nínú fíìmù, ṣé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ọkùnrin lọ? Ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n nínú fíìmù agbanipa, mo ní ìdánwò tèmi. Òǹkọ̀tàn Lúgbè, jọ̀wọ́ mú bírò, kí o ka àwọn òkú. Kì í ṣe àwọn alààyè. Ka iye ẹni tí ó kú, kí o kọ orúkọ ẹni tí ó lórúkọ sí apá kan, kí o sì kọ ẹni tí ẹnikẹ́ni sunkún fún sí apá kejì. Lẹ́yìn náà, padà wá sọ ohun tí o rí fún wa.

Òǹkọ̀tàn Lúgbè

Mo ti kà wọ́n. Ó gbà mí ní wákàtí kan, nítorí pé mo ti gbàgbé àwọn kan nínú àwọn tí mo pa.

Òkú mọ́kànlá ni ó wà. Mẹ́rin ni ó lórúkọ: ọ̀gá oníṣòwò náà, agbanipa méjèèjì, àti ìyàwó ọlọ́pàá, tí ó rẹ́rìn-ín ní ìran kejì gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ti wí. Àwọn méje tí ó kù ni mẹ́gádì, dírẹ́bà, ọmọ ọ̀dọ̀, onísúyà, ọlọ́pàá kékeré méjì, àti ọlọ́kadà tí kò tilẹ̀ yẹ kí ó wà ní Wuse. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sunkún fún, ìyàwó ọlọ́pàá sì ni. Nínú ìwé eré mi, “MẸ́GÁDÌ ṢUBÚ” ni gbogbo ohun tí mo kọ nípa ikú ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo ti rò pé ìṣòro mi ni pé n kò mọ iye ẹ̀yà tí mo máa kó sínú fíìmù. Mo ti kó wọn sí i tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ rí i, mo kàn kó wọn síbi tí wọ́n á ti kú ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ lórí mẹ́gádì náà. Mo sọ ọ́ ní Mallam Sani, ará Katsina. Kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Agbanipa dé ní àsùbáà, ó sì bá a níbi tí ó ti ń fi búta ṣe àlùwàlá, rédíò kékeré ń sọ̀rọ̀ ní Haúsá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Agbanipa náà dúró. Ó jẹ́ kí ó kírun tán. A rí gbogbo rẹ̀, láìgé, pẹ̀lú bí omi ṣe ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Lẹ́yìn ìgbà tí ó ti kú, fóònù rẹ̀ ń dún lórí ẹní, orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ sì hàn lójú rẹ̀. Ọmọ yẹn ni ó wá sí Àbújá ní ìdajì kejì fíìmù náà láti wá béèrè bàbá rẹ̀, òun àti obìnrin Gbagyi tí ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà sì sọ̀rọ̀ fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ilẹ̀, omi àti ẹni tí ó ń sọ irọ́. Agbanipa náà kò jẹ́ Haúsá mọ́. Mo sọ ọ́ di ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà ní Kàdúná. Olùkọ́ rẹ̀, akọ̀wé àgbà náà, ni ó kọ́ ọ ní Haúsá.

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ti fóònù yẹn nìkan tó láti mú kí n wo fíìmù náà.

Àdùkẹ́ Kánò

Jẹ́ kí ọmọbìnrin náà pè é ní Baba lórí fóònù, kí o má ṣe kọ Daddy. Kí o sì fi ìwé eré náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Kábà ní Gwarinpa

O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ wá sílé mi ní ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí a jókòó kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá yín á se ọbẹ̀. Nǹkan kan ń dà mí láàmú, ṣá. Láti òkè ni a ti ń sọ̀rọ̀ obìnrin Gbagyi yìí, èmi ni mo sì pariwo jù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Gbagyi kan láàárín wa níbí. Ta ni ó mọ ẹni tí ó lè bá wa ka apá tirẹ̀?

Ẹni Òrìṣà ní Karu

Gbagyi ni ìyá onílé mi. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì rántí ìgbà tí oko wà ní ibi tí títì ńlá wà báyìí. Mo bi í ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ iye tí ẹ máa san fún òun, nítorí pé ọjọ́ ọjà òun ni ọjọ́ Sátidé.

Òǹkọ̀tàn Lúgbè

Ẹ sọ fún Mama pé kí wọ́n sọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà, n kò ní ná an. Mo ti fi wọ́n sí ìlà kejì nínú ìwé ìnáwó, lábẹ́ owó iná Ayàwòrán Jabi.